Gbé Téèpù Kó O Tó Gbé Fóònù: Ibi Tí Akẹ́kọ̀ọ́ Ọ̀ṣọ́ Ilé Ti Lè Rí Èrò Lójoojúmọ́

Ọdún kejì ni mo wà nígbà tí wọ́n ní ká ya pálọ̀ fún ìdílé kan n'Ìbàdàn: bàbá, ìyá, ọmọ mẹ́rin, àti ìyá àgbà kan tí orúnkún ń dùn. Òru méjì ni mo fi dojú kọ Pinterest, ìkànnì tí wọ́n ti ń wo fọ́tò ọ̀ṣọ́ lórí fóònù. Pálọ̀ tí mo gbé dé kíláàsì funfun báláú, àga rẹ̀ láwọ̀ eérú, kápẹ́ẹ̀tì rẹ̀ nírun bí àgùntàn, mo sì ṣe ibi ìyáná sínú ògiri, mo to igi sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ dáadáa. Inú mi dùn débi pé gàdàgbà ni mo kọ orúkọ mi sísàlẹ̀ rẹ̀.

Olùkọ́ wa wò ó, ó tún un wò. Ó ní, "Ta ló fẹ́ yáná n'Ìbàdàn?"

Gbogbo kíláàsì bú sẹ́rìn-ín. Kò tíì tán o. Ó ní, "Màmá tí orúnkún ń dùn yìí, báwo ni wọ́n ṣe máa dìde lórí àga tó rì wọlẹ̀ báyìí?" Mi ò lésì. Mi ò tiẹ̀ mọ bí àga náà ṣe ga tó. Fọ́tò rẹ̀ ni mo rí, mi ò rí àga.

Àtìgbà náà ni mo ti yí ọwọ́ padà. Tí àwọn àbúrò wa tó ń kọ́ interior design bá wá bi mí pé níbo ni mo ti ń rí àìdíà, ohun tí mo máa ń sọ fún wọn ni mo fẹ́ kọ síbí. Kò gba ẹ̀bùn àbínibí. Ó gba ìwé kékeré tí kò nílà, pẹ́ńsù méjì, téèpù onírin mítà márùn-ún irú èyí tí káfíńtà ń fi kọ́ bẹ́líìtì, àti fóònù. Má ra téèpù télọ̀, ó máa ń fà tó bá pẹ́. Fóònù ló kẹ́yìn nínú wọn.

1. Bẹ̀rẹ̀ láti yàrá tó ò ń sùn sí

Má tíì jáde. Wọn yàrá rẹ: gígùn, fífẹ̀, gíga àjà, bí fèrèsé ṣe jìnnà sílẹ̀ tó, ibi tí ilẹ̀kùn ń ṣí sí. Yà á sínú ìwé ní ìwọ̀n 1:50, ìyẹn ni pé mítà kan nínú yàrá á di sẹ̀ǹtímítà 2 lórí ìwé. Yàrá tí bíríkìlà ń pè ní ẹsẹ̀ 12 sí ẹsẹ̀ 10 jẹ́ nǹkan bíi mítà 3.66 sí 3.05. Lórí ìwé, ó di sẹ̀ǹtímítà 7.3 sí 6.1. Bíríkìlà ń ka ẹsẹ̀, olùkọ́ ń ka mílímítà. Kọ́ bí o ṣe ń gbọ́ èdè méjèèjì, torí ọjọ́ tó o bá ṣi ọ̀kan gbọ́, kọ́bọ́ọ̀dù tó o ní kí wọ́n kàn kò ní gba ẹnu ọ̀nà wọlé.

Lẹ́yìn náà, tẹ̀lé oòrùn. Ní aago 7 àárọ̀, aago 12 ọ̀sán àti aago 4 ìrọ̀lẹ́, fi pẹ́ńsù sàmì sí ibi tí ìmọ́lẹ̀ balẹ̀ sí lórí àwòrán rẹ. Ọ̀sẹ̀ kan tó. Ní apá ibi tiwa, oòrùn ọ̀sán kì í jìnnà púpọ̀ sí àtàrí ẹni. L'Ékòó, ó máa ń kọjá sí àárín orí gan-an ní ìbẹ̀rẹ̀ oṣù kẹrin àti ìbẹ̀rẹ̀ oṣù kẹsàn-án. Ní oṣù kẹfà, ó máa ń tẹ̀ sí àríwá díẹ̀. Ní oṣù kejìlá, ó máa ń tẹ̀ sí gúúsù. Ìdí nìyí tí fèrèsé tó kọjú sí àríwá tàbí gúúsù kì í fi bẹ́ẹ̀ yọni lẹ́nu, etí òrùlé lásán lè ṣíji bò ó. Ti ìwọ̀ oòrùn ni ìjàngbọ̀n. Oòrùn ìrọ̀lẹ́ ti sọ̀ kalẹ̀, abẹ́ òrùlé ló ń gbà wọlé, ó sì ń na ògiri. Búlọ́ọ̀kù sìmẹ́ńtì á gba ooru náà sára, á wá máa tú u sílẹ̀ lóru.

Ọdún kan ààbọ̀ ni mo fi sùn ti irú ògiri bẹ́ẹ̀, tí mo ń bú fáànù. Àmì pẹ́ńsù ló tú àṣírí. Mo gbé bẹ́ẹ̀dì lọ sí ògiri kejì, mo gbé kọ́bọ́ọ̀dù aṣọ síbi tó gbóná yẹn, mi ò ná kọ́bọ̀ kan. Iṣẹ́ ọ̀ṣọ́ ilé àkọ́kọ́ tí mo ṣe nìyẹn tó mú ẹnì kan sùn dáadáa, bó tilẹ̀ jẹ́ pé èmi náà ni ẹni ọ̀hún.

2. Wo ọwọ́ àti ẹsẹ̀, má wo ojú

Ìyá oníràísì kan wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ gáréèjì tí mo ti ń wọkọ̀. Bẹ́ǹṣì méjì, tábìlì kan, agboòrùn ńlá kan. Ó ti tó ọdún kan tí mo ti ń jẹun lọ́dọ̀ wọn kí n tó rí wọn gan-an. Lọ́jọ́ kan tí èrò pọ̀, mo dúró kó kàn mí, mo bá rí i pé ìyá yìí kì í dìde rárá. Orí àpótí ni wọ́n jókòó sí. Kúlà ìrẹsì wà lápá òsì, kúlà ẹ̀wà ṣìkejì rẹ̀, ìkòkò ọbẹ̀ wà níwájú orúnkún, ẹran wà nínú abọ́ onídèérí, abọ́ tí wọ́n ti fọ̀ sì dojú délẹ̀ lápá ọ̀tún. Owó ń wọ inú àpò tí wọ́n so mọ́dìí, ṣéńjì ń ti ibẹ̀ jáde. Láti ìgbà tí oníbàárà bá ti lanu sọ ohun tó fẹ́ títí abọ́ á fi tẹ̀ ẹ́ lọ́wọ́, ọwọ́ wọn kì í nà jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Mo yọ ìwé. Wọ́n rí mi.

"Ìwọ ọmọ yìí, kí lò ń kọ? Ṣé o ti di òṣìṣẹ́ káńsù ni?"

"Rárá o, mà. Bí ẹ ṣe to nǹkan yín ló wù mí."

"Kí ló wù ọ́ níbẹ̀?" Wọ́n bu ẹ̀wà lé ìrẹsì ẹnì kan. "Tí mo bá ń dìde lórí abọ́ kọ̀ọ̀kan, ṣé oníbàárà á dúró dè mí ni?"

Nígbà tí ọwọ́ wọn dilẹ̀, mo tọrọ àyè, mo fa téèpù. Láti àyà wọn dé ibi kúlà tó jìnnà jù, sẹ̀ǹtímítà 65. Gíga àpótí, 25. Nínú kíláàsì, wọ́n kọ́ wa pé nínú kíṣìn, ó yẹ kí sítóòfù, ibi ìfọbọ́ àti fíríìjì wà ní igun mẹ́ta tó sún mọ́ra. Ìyá yìí ò ka ìwé yẹn, igun tiwọn sì há ju tinú ìwé lọ. Nígbà tí wọ́n ní ká ya kíṣìn fún ilé self-contain lẹ́yìn oṣù méjì, mi ò ṣí Pinterest. Inú àwòrán ìyá oníràísì ni mo ti mú un.

Bí wàá ṣe ṣe é nìyí. Wá ibi tí ẹnì kan ti ń ṣe iṣẹ́ kan náà léraléra: onígbàjámọ̀, fọ́kanáísà, télọ̀, ọmọ POS, ìyá alágbo. Kí wọn, ra nǹkan tó bá jẹ́ ọjà ni, kó o tó dúró fún ìṣẹ́jú ogún. Ya ibẹ̀ bí ìgbà tó o wà lórí igi tó ò ń wo ilẹ̀. Má ya ojú èèyàn. Tí wọn ò bá rí ojú ara wọn nínú ìwé rẹ, ọkàn wọn á balẹ̀. Fi ìlà tọ ipa ọwọ́ àti ipa ẹsẹ̀. Lẹ́yìn náà, wá ohun tí wọ́n ń gbé sọ́tùn-ún sósì ní gbogbo ìgbà. Ohun tí èèyàn bá ń gbé kiri lójoojúmọ́ kò tíì rí ibùgbé nìyẹn, ibẹ̀ sì ni iṣẹ́ tìrẹ wà.

Mọ nọ́ńbà díẹ̀ sórí kó o lè fi wé ohun tó o bá rí: ìjókòó àga ìjẹun máa ń tó sẹ̀ǹtímítà 45, tábìlì ìjẹun 75, pẹpẹ kíṣìn 90, ọ̀nà tí èèyàn ń gbà kọjá nínú ilé 90. Lẹ́yìn náà, lọ wọn àga tí ìyá àgbà tìrẹ máa ń yàn. Tèmi kì í jókòó sórí sófà wa láéláé. Àga oníke funfun ni wọ́n máa ń ní ká gbé wá. Mo wọ̀n ọ́n: 44, kò sì rọ̀, ó tún ní apá méjì tí wọ́n lè fi ọwọ́ tì kí wọ́n tó dìde. Ìdáhùn ìbéèrè olùkọ́ wa ti wà ní fàráńdà wa láti ọdún gbọọrọ.

3. Ohun kan ṣoṣo ni kó o bá lọ sọ́jà

Ọjà lè dá ojú láàmú. Tó o bá lọ sí Ìdúmọ̀tà tàbí Gbági pé o fẹ́ "wá ìmísí", orí fífọ́ lo máa gbé bọ̀. Mú ìbéèrè kan dání kó o tó kúrò nílé. Lónìí, ìlà nìkan. Lọ́jọ́ mìíràn, bí àwọn aláṣọ ṣe ń kó aṣọ kọ́ kí gbogbo rẹ̀ lè hàn ní ìsọ̀ tí kò fẹ̀ ju apá èèyàn méjì lọ. Lọ́jọ́ mìíràn, àwọ̀.

Ọ̀rọ̀ àwọ̀ yìí, jẹ́ kí n dúró níbẹ̀ díẹ̀. Mẹ́ta ni àwọn àgbà pín in sí: funfun, pupa, dúdú. Pupa gba epo, iyeyè, osùn àti amọ̀ mọ́ra. Dúdú gba aró, ewé àti èédú. Funfun gba ẹfun, fàdákà àti eérú. Àwọn kan ní ìyẹn fi hàn pé èdè wa ò lọ́rọ̀ tó. Mi ò gbà. Fún ẹni tó fẹ́ kun ilé, ìpín yìí ti ṣe ìdajì iṣẹ́: àwọ̀ tó ń gbóná, àwọ̀ tó ń tutù, àwọ̀ tó ń jẹ́ kí ìmọ́lẹ̀ tàn. Lọ bá télọ̀ kan, ní kó fún ọ ní àjákù aṣọ tó fẹ́ dànù. Kó gbogbo rẹ̀ sílẹ̀, pín in sọ́nà mẹ́ta yìí. Àwọn tí kò gbà láti lọ síbì kan, tí ìwọ àti ọ̀rẹ́ rẹ ń jiyàn lé lórí, tọ́jú wọn. Àwọn ló máa ń bá gbogbo àwọ̀ yòókù gbé nínú yàrá láìjà.

Tó o bá rí ẹtù gidi, yálà lára bàbá kan níbi ìnáwó tàbí lọ́wọ́ ahunṣọ n'Ísẹ́yìn, dúró kó o wò ó láti ibi méjì. Láti òkèèrè, dúdú ni. Sún mọ́ ọn, wàá rí i pé aró ni, àwọn ìlà fẹ́ẹ́rẹ́ sì là á kọjá bí ìyẹ́ ẹyẹ ẹtù tí wọ́n fi sọ ọ́ lórúkọ. Ohun tó yẹ kí ògiri náà ṣe nìyẹn: kó sọ ọ̀rọ̀ kan fún ẹni tó wà lẹ́nu ọ̀nà, kó sọ òmíràn fún ẹni tó ti jókòó. Wo bí wọ́n ṣe rán an pọ̀ pẹ̀lú. Ọ̀já tóóró tóóró tí kò fẹ̀ ju ọwọ́ lọ ni wọ́n ń hun, kó tó di agbádá tó gba gbogbo ẹnu ọ̀nà. Sányán tó láwọ̀ iyanrìn àti àlàárì tó pọ́n ń tọ ọ̀nà kan náà. Tó o bá fẹ́ fi pákó bo ògiri, tó o sì rò pé pákó ńlá nìkan ló lè ṣe é, padà lọ wo agbádá.

Ti adìrẹ wá. Lọ sí Ìtòkú l'Ábẹ́òkúta ní àárọ̀ tí oòrùn kò tíì le. Púpọ̀ nínú ohun tó o máa rí níbẹ̀ lónìí, kàmpálà ni, èyí tí wọ́n fi àbẹ́là yíyọ́ ṣe. Ó dára, àmọ́ béèrè adìrẹ ẹlẹ́kọ. Ìyẹn ni èyí tí wọ́n ń fi ẹ̀kọ láfún ya iṣẹ́ sí lára, kí wọ́n tó rì í sínú aró. Ibi tí ẹ̀kọ bá wà, aró kò ní mú un. Ìyẹ́ adìẹ ni àwọn obìnrin Ìbàdàn fi ń fọwọ́ ya tiwọn. L'Ábẹ́òkúta, wọ́n tún máa ń lo páànù tí wọ́n ti gé ihò iṣẹ́ sí.

Ọ̀kan wà tí wọ́n ń pè ní Ìbàdàn dùn. Wò ó dáadáa: òpó Gbọ̀ngàn Mápó ló wà lára rẹ̀, ṣíbí sì wà láàárín àwọn òpó náà. Ọdún 1929 ni wọ́n ṣí gbọ̀ngàn yẹn. Àwọn obìnrin aláró wo ilé ńlá òyìnbó tó wà lórí òkè, wọn ò bẹ̀rù rẹ̀, wọ́n mú òpó rẹ̀, wọ́n fi ṣíbí ilé ìdáná há a láàárín, wọ́n sọ ọ́ di aṣọ ìró. Mi ò mọ ẹ̀kọ́ tó ju ìyẹn lọ nínú iṣẹ́ yìí. Wọn ò ya Mápó bó ṣe rí. Wọ́n mú ohun kan lára rẹ̀, ìyẹn bí òpó àti àlàfo ṣe ń tẹ̀lé ara wọn, wọ́n sì fi nǹkan tiwọn kún un.

Ìwọ náà lè dá a padà: kí aṣọ di ilé. Àmọ́ má ṣe lẹ adìrẹ mọ́ ògiri kó o sọ pé o ti ṣiṣẹ́. (Ó ti sú mi, àní ó ti sú mi pátápátá, bí wọ́n ṣe ń ju ìrọ̀rí ankara méjì sórí sófà Ṣáínà tí wọ́n ń pè é ní ọ̀ṣọ́ ilé Yorùbá.) Fi téèpù wọn adìrẹ náà. Báwo ni òpó ṣe fẹ̀ tó sí àlàfo? Ẹ̀ẹ̀melòó ni iṣẹ́ kan padà wá kó tó dé etí aṣọ? Kọ nọ́ńbà yẹn sílẹ̀. Mo ti fi irú rẹ̀ ya ògiri onígi tó pín pálọ̀ sọ́nà méjì: igi, àlàfo, igi méjì, àlàfo. Kò sẹ́ni tó rí adìrẹ nínú rẹ̀, àmọ́ ìyá kan tó wá síbi àfihàn wa ní ó jọ nǹkan tí òun mọ̀.

4. Lọ kí àwọn ilé, pàápàá èyí tó ti darúgbó

Tó o bá wà l'Ékòó, rìn ní Pópó Àgùdà àti àyíká rẹ̀ ní Erékùṣù Èkó. Àwọn tó ti oko ẹrú Brazil padà dé ló kọ́ àwọn ilé wọ̀nyẹn, tàwọn tí ọnà òdòdó wà lókè fèrèsé wọn. Mọ́sálásí Shitta-Bey, tí wọ́n ṣí ní 1894, ṣì wà níbẹ̀. Ṣùgbọ́n tètè lọ. Casa do Fernandez tí a mọ̀ sí Ilojo Bar wà ní gbàgede Tinúbú láti 1855. Ìjọba sọ ọ́ di ohun ìrántí orílẹ̀-èdè ní 1956. Wọ́n wó o palẹ̀ ní oṣù kẹsàn-án 2016. Àwọn tó ti yà á sínú ìwé ṣáájú ìgbà náà ṣì ní in.

Tó o bá wà n'Ìbàdàn, wọ inú Yunifásítì Ìbàdàn lọ ní ọ̀sán gangan. Maxwell Fry àti Jane Drew, tọkọtaya ayàwòrán ilé láti Ìlú Ọba, ló ya púpọ̀ nínú ilé àkọ́kọ́ níbẹ̀. Dúró lẹ́yìn ògiri oníhò, gbé ọwọ́ sókè. Wàá gbọ́ afẹ́fẹ́ lára ọwọ́ rẹ. Yàtọ̀ sí i, wo ilẹ̀: ihò yẹn ti ya ọnà sílẹ̀ pẹ̀lú òjìji, ọnà náà ń rìn bí oòrùn ṣe ń rìn. Ògiri kan ṣe iṣẹ́ kọ́tìnì, iṣẹ́ fáànù àti iṣẹ́ ọ̀ṣọ́ pa pọ̀.

Níbẹ̀ náà n'Ìbàdàn, wá bó o ṣe máa rí ilé ìjọsìn tí Demas Nwoko kọ́ fún àwọn àlùfáà Kátólíìkì tí wọ́n ń pè ní Dominican. Iṣẹ́ ọnà àti ìṣètò orí ìtàgé ló kọ́ kó tó di ẹni tó ń kọ́lé, ní 2023 sì ni wọ́n fún un ní àmì-ẹ̀yẹ Golden Lion ní Venice, ní Ítálì, fún gbogbo iṣẹ́ ayé rẹ̀. Mo máa ń rántí ìtàn rẹ̀ nígbàkígbà tí ẹnikẹ́ni bá sọ fún mi pé ọ̀ṣọ́ inú ilé kì í ṣe ilé kíkọ́. Ti Ifẹ̀ wà pẹ̀lú: àwọn ilé tí Arieh Sharon yà sí Yunifásítì Obáfẹ́mi Awólọ́wọ̀, tí àjà òkè fẹ̀ ju ìsàlẹ̀ lọ kí òkè lè ṣíji bo ìsàlẹ̀. Wò wọ́n ní àkókò òjò bó o bá lè ṣe é.

Níbi kọ̀ọ̀kan, béèrè ohun mẹ́ta péré: kí ni ẹsẹ̀ mi ń tẹ̀, kí ni ọwọ́ mi ń kàn, kí ló wà lókè orí mi? Ojú ọ̀pọ̀ wa kì í kúrò lára ògiri. Tọrọ àyè lọ́wọ́ ọ̀gá síkúríítì kó o tó ya fọ́tò, má sì gbé kámẹ́rà súnmọ́ báràkì.

5. Jókòó ti àwọn tó ń fọwọ́ ṣe é

"Ẹ kú iṣẹ́ o, ọ̀gá." Gbólóhùn yẹn ló ń ṣílẹ̀kùn ìsọ̀ káfíńtà, kì í ṣe káàdì ìdánimọ̀ ilé-ẹ̀kọ́. Lọ ní nǹkan bí aago 2 tí wọ́n ń jẹun. Tí wọ́n bá pè ọ́ wá jẹ, jẹ díẹ̀.

Ní kí wọ́n fi igi hàn ọ́ ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Gbé ìrókò sókè, gbé ọ̀mọ̀ sókè: ọwọ́ rẹ á sọ ìyàtọ̀ fún ọ kí ìwé tó sọ ọ́. Ìrókò wúwo, ó lóróró nínú, ó ń fara da ìta. Ọ̀mọ̀ fúyẹ́, ó rọrùn láti gbẹ́, òun ni àwọn onílù fẹ́ràn. Afárá mọ́ lára, kì í fi bẹ́ẹ̀ wúwo. Igi apá le. Bẹ̀ wọ́n fún àjákù kékeré lára ọ̀kọ̀ọ̀kan, kọ orúkọ igi, ọjọ́ àti iye tí pákó kan jẹ́ lọ́jọ́ yẹn sí ẹ̀yìn rẹ̀. Ṣe bẹ́ẹ̀ fún awọ, fóòmù, táìlì, àwọ̀n, irin. Páálí bàtà kan tó láti fi bẹ̀rẹ̀. Lẹ́yìn ọdún kan, páálí yẹn á wúlò ju fọ́tò ẹgbẹ̀rún lọ, torí ó lówó lára, ó lóòórùn, ó sì níwọ̀n.

Béèrè ọ̀rọ̀ kan lọ́wọ́ wọn tí mi ò tíì rí nínú ìwé kankan: "Kí ni àwọn oníbàárà máa ń padà wá bínú sí?" Káfíńtà kan sọ fún mi pé dúrọ́ọ̀ ni, pé ní àkókò òjò igi máa ń wú, dúrọ́ọ̀ á há, wọ́n á wá pariwo lé òun lórí. Láti ọjọ́ yẹn, mo máa ń fi àyè díẹ̀ sílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ dúrọ́ọ̀ nínú àwòrán mi.

Tó o bá dé Ọ̀yọ́, lọ sọ́dọ̀ àwọn aláwọ, kó o wo tìmùtìmù. Ìjókòó ni, ọ̀ṣọ́ ni, ó ṣeé yí sọ́tùn-ún sósì, kò lẹ́sẹ̀ tó lè ṣẹ́.

6. Ìlà mẹ́ta lójúmọ́, kò ju bẹ́ẹ̀ lọ

Má kọ ìtàn. Kọ ìlà mẹ́ta: ohun tí mo rí, ohun tó mú un ṣiṣẹ́, ibi tí mo lè lò ó. Èyí ni ọ̀kan nínú tèmi, bó ṣe wà nínú ìwé:

"Ọjà Ojúwòyè, Sátidé. Alátarodo kan kó ata sórí asẹ́ pẹrẹsẹ, kò kó o sínú agbọ̀n jíjìn. Afẹ́fẹ́ ń gba abẹ́ rẹ̀ kọjá, ata kì í tètè rà. Pẹpẹ oníhò fún kọ́bọ́ọ̀dù bàtà."

Àwòrán kékeré kan wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ pẹ̀lú ìwọ̀n asẹ́ náà. Kò ju ìyẹn lọ. Lọ́jọ́ Sunday, ṣí ìwé náà, mú ohun kan ṣoṣo nínú ti ọ̀sẹ̀ yẹn, kó o yí i padà ní ẹ̀ẹ̀mẹta lórí ìwé: kó o sọ ọ́ di ńlá, kó o fi ohun èlò mìíràn ṣe é, kó o gbé e láti ilẹ̀ lọ sí ògiri. Èyí tí kò bá jọ ti àkọ́kọ́ mọ́ rárá ni kó o mú.

Ìgbà yìí ni fóònù ṣẹ̀ṣẹ̀ wúlò. Nígbà tó o ti mọ ohun tó ò ń wá, lọ wo bí àwọn ẹlòmíràn ṣe ṣe é, kó o sì wá àwọn ibi tí ooru àti òjò wọn jọ tiwa. Ilé kan ní Brazil tàbí Íńdíà lè sọ ohun púpọ̀ fún ọ tí ilé kan ní Norway kò lè sọ. Kò sóhun tó burú nínú Pinterest. Èmi ni mo fi ṣáájú níbi tó yẹ kó kẹ́yìn.

7. Tí NEPA bá mú iná lọ

Àwọn ọjọ́ kan wà tí kò sí nǹkan tó ń wá. Lálẹ́ ọjọ́ bẹ́ẹ̀, tí iná bá lọ, má tètè tan tọ́ọ̀ṣì. Dìde, rin yàrá náà yí ká nínú òkùnkùn. Ibo lo fi ojúgun gbá? Ṣé ọwọ́ rẹ rí súìṣì lẹ́ẹ̀kan? Kí lo kọ́kọ́ kàn, irin, aṣọ, àbí ọ̀dà tó ti ṣí? Pàtẹ́wọ́ lẹ́ẹ̀kan láàárín yàrá, kó o tún pa á lẹ́gbẹ̀ẹ́ bẹ́ẹ̀dì, gbọ́ bí ìró náà ṣe kú. Aṣọ àti fóòmù ló gbé e mì. Tí ìyá ilé kejì bá ti tan jẹnẹrétọ̀, o tún ti mọ ògiri wo ni ariwo ń gbà wọlé. Kọ gbogbo rẹ̀ sílẹ̀ nígbà tí iná bá dé.

8. Gbé àwòrán náà padà fún ẹni tó ni ín

Èyí tó máa ń ti àwọn ọmọ kíláàsì mi lójú jù nìyí, òun ni mo sì fẹ́ràn jù. Ohun tó o bá yà lọ́dọ̀ èèyàn, gbé e padà lọ fi hàn án. Má ṣàlàyé. Jẹ́ kó kọ́kọ́ wò ó.

Nígbà tí wọ́n dá àwòrán kíṣìn mi padà fún mi pẹ̀lú máàkì tó dára, mo mú òun àti ojú ewé ìwé kékeré yẹn lọ bá ìyá oníràísì. Wọ́n nu ọwọ́ méjèèjì, wọ́n gbà á, wọ́n gbé e jìnnà sójú díẹ̀. Wọ́n rẹ́rìn-ín nígbà tí wọ́n rí àpótí tí wọ́n jókòó lé. Wọ́n wá fi ìka tẹ orí ìwé.

"Omi mi dà?"

"Omi wo, mà?"

Wọ́n tọ́ka sábẹ́ tábìlì. Báàfù kékeré kan wà níbẹ̀, omi ọṣẹ nínú rẹ̀, tówẹ́ẹ̀lì kọ́ sí etí rẹ̀. Ibẹ̀ ni wọ́n ń ti ọwọ́ bọ̀ láàárín owó àti oúnjẹ. Mo ti jẹun níbẹ̀ fún ọdún kan, mo ti wọ̀n ọ́n pẹ̀lú téèpù, mi ò sì rí i. Nínú kíṣìn mi tó gba máàkì, ẹni tó bá fọwọ́ kan owó tàbí pàǹtí ní láti rìn kọjá sítóòfù kó tó rí omi.

Mo jókòó sórí bẹ́ǹṣì, mo yọ pẹ́ńsù, mo ya báàfù náà sí i. "Ẹ bu ìrẹsì fún mi, mà," mo ní, "kí ẹ fi ẹ̀wà sí i díẹ̀."